Àdírẹ́sì Ilé Àádọ́rùn-ún

Àìkú, ọjọ́ kẹta oṣù Keje

Iṣẹ́ ìwádìí èrò ará ìlú dé. Ọ̀gbẹ́ni Shahir, ọ̀gá wa, fi bọ́ọ̀sì kó ẹrù mi ránṣẹ́ láti Amman: fóònù ńlá kan tí màá máa tẹ ìdáhùn sí, káàdì tí wọ́n lẹ fọ́tò mi mọ́, àti ewé ìwé àdírẹ́sì mẹ́sàn-án. Àdúgbò kan ló wà lójú ewé kan, ilé mẹ́wàá ló wà ní àdúgbò kan. Àádọ́rùn-ún ilé kí oṣù tó parí, Aqaba àti àwọn abúlé ojú ọ̀nà Amman, èmi nìkan. Ẹnìkejì mi ti sá. Ó ní oòrùn oṣù Keje kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń wá oúnjẹ.

Ooru òní jẹ́ mẹ́tàlélógójì.

Qusay àbúrò mi jáde ní aago márùn-ún àárọ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń tún yàrá òtẹ́ẹ̀lì ṣe ní Eilat, lódìkejì bọ́dà ní Ísírẹ́lì. Ó kí Ìyá, Ìyá ò dá a lóhùn. Ọdún mẹ́ta rèé.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Mẹ́rin ṣílẹ̀kùn, mẹ́fà ò ṣí i.

"Ta ló rán ọ?" Ohun tí gbogbo wọn kọ́kọ́ ń béèrè nìyẹn. Mo ń ka èyí tí wọ́n kọ fún wa: a ò ní kọ orúkọ yín, kò sí ẹni tó máa mọ ohun tí ẹ sọ. Bàbá kan tó ń ta ẹja wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọmọ mi, tí ẹnì kankan ò bá ní mọ̀, kí lo wá ń kọ ọ́ sí?"

Mo bi ìyá kan bóyá ìjọba tiwa-n-tiwa sàn ju irú ìjọba mìíràn lọ, bó tiẹ̀ ní àléébù. Ó ní, "Èwo nínú wọn ló ń gbé omi wá? Èyí tó bá gbé omi wá lọ́sẹ̀ yìí, òun ni kí o kọ fún mi."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kàwé dáadáa ní òun ò fẹ́ ìjọba tiwa-n-tiwa rárá. "Àwọn ará Síríà béèrè fún un. Ṣé o rí ibi tí wọ́n ń sùn?"

Tí mo bá ti dé orí ìbéèrè Ísírẹ́lì, ẹ̀rín á tán lẹ́nu. Bàbá ẹlẹ́ja nìkan ló ní kí àwọn ará Ísírẹ́lì máa bọ̀, kí wọ́n wá ra ẹja, òun ò béèrè ìran ẹni tó fẹ́ jẹun. Ìyàwó rẹ̀ pariwo láti inú ilé ìdáná: "Má kọ ìyẹn o! Má kọ ọ́!" Mo ti kọ ọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Obìnrin kan gbà pé obìnrin lè ṣe olórí ìjọba. Ọkọ rẹ̀ wúkọ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Obìnrin náà ní kí n pa ìdáhùn náà rẹ́.

Mo ní, "Ṣé kí n pa á rẹ́ lóòótọ́?"

"Pa á rẹ́, àbúrò mi. Ìwọ á lọ, èmi á kù síbí."

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án. Iléyá

Qusay ra àgbò. Ìyá fi wàrà jẹ búrẹ́dì.

"Ìyá, ọjà tiwa níbí ni mo ti rà á."

"Mo mọ̀. Owó rẹ̀ ńkọ́, níbo ló ti wá?"

"Ẹ wáṣẹ́ míì fún mi nínú ìlú yìí, ọ̀la ni màá fi èyí sílẹ̀."

Ìyá tún bu búrẹ́dì sẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí àwọn sójà Ísírẹ́lì lé wọn kúrò lábúlé wọn lẹ́bàá Khalil, tí ó fẹsẹ̀ rìn dé odò pẹ̀lú ìkòkò lórí. Kò sọ ọ́ rí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Àmọ́ lọ́sàn-án yìí mo bá a níbi tó ti ń fọ ìborí rẹ̀, ọṣẹ pẹ́ńpẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tí Qusay máa ń kó bọ̀ ló fi ń fọ̀ ọ́. Mo ṣe bí ẹni tí ò rí i.

Àwọn ẹbí Lubna, àfẹ́sọ́nà Qusay, ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó: ìparí oṣù Kẹjọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Àdúgbò tó wà lẹ́yìn ọgbà àwọn ọkọ̀ ẹrù. Òórùn epo dísẹ́ẹ̀lì, tòmátò jíjẹrà, ooru márùndínláàádọ́ta. Ní ilé kẹta, òòyì kọ́ mi lórí àtẹ̀gùn. Obìnrin ilé náà, Ìyá Rakan, dì mí mú, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi, ó fi aṣọ tútù lé mi lọ́rùn, ó fún mi ní omi ọsàn wẹ́wẹ́. Láti ìgbà tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, òun lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè, kò fo ọ̀kan. Mo bi í bóyá òun tàbí ará ilé rẹ̀ ti ṣe ohunkóhun rí láti fi èrò wọn hàn lórí ọ̀rọ̀ ìlú. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ọkọ mi àti awakọ̀ mọ́kànlá ti búra lórí Kùránì. Tòmátò tó bá ń lọ sí òdìkejì bọ́dà, àwọn ò ní gbé e mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó débẹ̀, kó rù ú lórí."

Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn: a ò gbọdọ̀ yọ ọ̀rọ̀ kan, a ò gbọdọ̀ fi ọ̀kan kún un.

Nígbà tí mo ń dìde, ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Kí lèrò tìrẹ?"

Mo ní wọn ò gbà wá láyè láti sọ ọ́.

"Ó mà ṣe o! Ó ń bi gbogbo ayé léèrè, ẹnì kan ò bi òun."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Quwayra. Eruku bí ìyẹ̀fun. Bàbá Nayif, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, gbà mí lálejò ní gbọ̀ngàn àlejò rẹ̀. Ó ń pariwo débi pé àwọn ará àdúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń gbọ́.

"Kọ orúkọ mi sí i! Kọ orúkọ bàbá mi náà!"

"Bàbá, a kì í kọ orúkọ."

"Kí nìdí? Olè ni mo jà ni?"

Lórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin: "Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti dìbò. Gbogbo ẹni tí mo dìbò fún ló ń pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù lọ́jọ́ kejì."

Lórí àdéhùn àlàáfíà pẹ̀lú Ísírẹ́lì, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí i, ta ni wọ́n bi? Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó wá bi mí, o sì pẹ́ kí o tó dé. Jẹ́ kí n sọ ìdí tí wọn ò fi jẹ́ ká dìbò tó nítumọ̀ fún ọ. Wọ́n mọ ohun tí a máa sọ. Àwọn tó ń kọ́ wa ní ìjọba tiwa-n-tiwa lókè òkun náà mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi jẹ́ kó yá."

Ẹ̀rù bà mí fún un. Ní gbogbo ọ̀nà tí mò ń padà bọ̀, ohùn rẹ̀ ò kúrò létí mi. Ẹni tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í pẹ́ nílé.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ilé mọ́kànlélọ́gọ́ta. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti bó.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọkùnrin kan ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé tí mo fẹ́ wọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun, òórùn ọṣẹ olówó iyebíye.

"Àǹtí Ruwayda, ẹ kú iṣẹ́ o. Ooru yìí ti pọ̀ jù fún yín. Ẹ jẹ́ ká mu kọfí díẹ̀."

Kò sọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí n máa pe òun ní Bàbá Karam. Kò sí pátákó lójú ilé tó mú mi lọ, àmọ́ inú rẹ̀ tutù bí inú fíríìjì, ó sì dùn mọ́ ara mi. Ojú ń tì mí láti kọ ìyẹn.

Ó ní, "Ohun tí àwọn èèyàn sọ ti wà lọ́wọ́ wa. Láti Amman la ti rí i. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan là ń rí, a ò rí ilé. Ewé ìwé àdírẹ́sì tó wà nínú báàgì yín yẹn nìkan la fẹ́."

Mo ní a ti ṣèlérí fún wọn.

"Ìlérí dára púpọ̀." Ó tún kọfí bù fún mi. "Báwo ni Qusay? Ìwé àṣẹ tó fi ń kọjá bọ́dà, ṣebí ìparí oṣù yìí ló máa tán?"

Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Mo pe Ọ̀gbẹ́ni Shahir. Mo ro ọ̀rọ̀ Bàbá Karam fún un.

"Tí wọ́n bá béèrè, ìyáàfin, ẹ fún wọn."

"Ohun tí mò ń kà létí wọn ńkọ́? Pé kò sí ẹni tó máa mọ̀?"

"Gbólóhùn tó wà nínú ìwé ìbéèrè nìyẹn. Èmi náà láwọn ọmọ."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Qusay dé kí oòrùn tó wọ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ti dá àwọn ìwé àṣẹ padà fún gbogbo wọn, àyàfi tirẹ̀. Ó bi wọ́n ní ìdí. Ọkùnrin tó wà lójú fèrèsé ní, "Lọ bi ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ìyá wà ní yàrá kejì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ìyá pè wá. Mo ti mọ ohun tó máa sọ, pé Ọlọ́run ló gba Qusay lọ́wọ́ iṣẹ́ ìtìjú. Ohun tó sọ kọ́ nìyẹn.

"Ruwayda, kó ìwé náà fún wọn."

"Ìyá! Ẹ̀yin?"

"Èmi. Ṣé ẹ rò pé mo kórìíra iṣẹ́ rẹ̀ débi kí ebi máa pa á? Ibi tó ń lọ ni mo kórìíra. Bàbá mi sọ̀rọ̀ níwájú sójà, ilé wa lọ. A débí, mo tún rí àwọn tó ń sọ̀rọ̀. N ò rí èyí tó darúgbó nínú wọn."

Mo wo Qusay. Ó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, n ò ní sọ pé kí ẹ ṣe é. N ò ní sọ pé kí ẹ má ṣe é."

Ì bá sàn kó bẹ̀ mí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo ti rí ọ̀nà àbáyọ! Bàbá Nayif ni wọ́n ń wá, ta ni ì bá tún jẹ́? Gbogbo abúlé gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo yọ ewé Quwayra, mo rẹ ẹ́ sínú báásíà títí ó fi di ẹ̀kọ, mo dà á sí kòtò. Màá ní afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ lójú ọ̀nà. Èyí tó kù, màá kó o fún wọn: àwọn tí wọ́n béèrè omi, àwọn tí wọ́n ta ẹja, kí ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe?

Mo jẹun dáadáa lónìí. Tòmátò ti di àádọ́ta pìásítà kílò kan.

Ajé, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Mo gbé ewé mẹ́jọ lọ. Mo pa irọ́ tí mo ti kọ́ lórí. Bàbá Karam rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ ò tilẹ̀ burú.

"Quwayra? Bàbá aláriwo yẹn? Àǹtí, ta ló ń wá a? Ohun tó sọ fún yín, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. A ti mọ̀ ọ́n sórí."

Ó yíjú sí fèrèsé, ó ń ṣí àwọn ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú ọ̀kan, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sápò. Ó dá méje padà fún mi.

"Ọjọ́bọ̀ ni kí Qusay wá gba ìwé rẹ̀. Ẹ bá mi kí Ìyá."

Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà wọ́n. Àdúgbò ọgbà àwọn ọkọ̀ ẹrù ni kò sí níbẹ̀.

Àwọn awakọ̀ méjìlá. Ìbúra. Èmi ni mo fi ìka ara mi tẹ̀ ẹ́, n ò yọ ọ̀rọ̀ kan.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo wọ bàtà lẹ́ẹ̀mejì láti lọ kìlọ̀ fún Ìyá Rakan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bọ́ ọ. Tí ọkọ rẹ̀ bá sá lónìí, wọ́n á mọ ẹni tó ta á lólobó. Ìwé Qusay di Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ó ku ọ̀la. Tí ó bá gba ìwé ní aago mẹ́wàá, ní aago mọ́kànlá màá wà lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, Qusay pè mí: "Wọ́n ti fún mi o! Oṣù mẹ́fà!" Takisí ni mo wọ̀. Aago mọ́kànlá ò tíì lù tí mo débẹ̀.

Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Sálúbàtà fọ́n káàkiri lórí àtẹ̀gùn. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ní ìdájí òní ni wọ́n wá, ọkọ̀ méjì. "Wọn ò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ilẹ̀kùn rẹ̀ gan-an ni wọ́n kàn." Ó ní Ìyá Rakan ti lọ wá ọkọ rẹ̀ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì.

Mo padà sílé. Qusay ti ra kunafa gbígbóná, àkàrà aládùn oníwàràkàṣì. Ìyá bù ú jẹ, òun fúnra rẹ̀ nawọ́ sí àwo lẹ́ẹ̀kejì. Láti ọdún mẹ́ta, ìgbà àkọ́kọ́ tó jẹ ohun tí ọmọ rẹ̀ rà nìyẹn. Qusay wò mí, omi lé ròrò sí i lójú, ó rò pé ayọ̀ kan náà ló ń ṣe mí.

Àìkú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Àwọn awakọ̀ mọ́kànlá yòókù tí wọ́n kó pẹ̀lú Bàbá Rakan ti fọwọ́ síwèé pé àwọn á máa gbé ohunkóhun tí wọ́n bá dì sórí ọkọ̀. Wọ́n ti dá wọn sílẹ̀. Bàbá Rakan ò fọwọ́ sí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ

Mo lọ. Ìyá Rakan fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù. Kò ní kí n wọlé, kò sì ní kí n lọ.

Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọfí. Qusay. Ewé tí mo rẹ sómi àti ewé tí wọ́n mú. N ò fi ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi jókòó sílé pa mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti pinnu lójú ọ̀nà pé mi ò ní dárúkọ rẹ̀.

Ó gbọ́ tán. Ó ní, "Mo mọ̀ pé wọ́n máa gbọ́ ọ. Ṣé ọmọdé ni mí? Mo sọ ọ́ nítorí pé ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti jókòó níwájú mi tó bi mí ní ohun tí mo rò. Ti ìwé yẹn, wọ́n fipá mú ọ. Mo gbà. Ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́? Ta ló fipá mú ọ?"

Mo wo bàtà ẹsẹ̀ mi.

"Agbẹjọ́rò kan ti gba ẹjọ́ rẹ̀. Ó ń wá ẹni tó máa sọ bí wọ́n ṣe mọ ilé wa, kó sì fọwọ́ sí i." Ó sọ àdírẹ́sì rẹ̀ fún mi. "N ò bẹ̀ ọ́ o."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Àìkú, ọjọ́ keje

Ọ̀gbẹ́ni Shahir pè. Ó ní iṣẹ́ mi mọ́ ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Òmíràn ń bọ̀ ní oṣù Kìíní, ṣé màá ṣe é? Mo ní n ò gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa lórí fóònù.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo wà ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò láti aago mẹ́sàn-án. Obìnrin ni, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, fáànù rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá mo mọ ohun tí èyí lè dá sílẹ̀ fún àbúrò mi. Mo ní mo mọ̀. Ó ní òun ò lè ṣèlérí pé ó máa mú ọkùnrin náà jáde. Mo ní mo mọ ìyẹn náà. Mo sọ ọ́, ó kọ ọ́, mo kà á, mo fọwọ́ sí i. Ọ̀la ló máa gbé e lọ sí kóòtù.

Qusay ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo délé. Ìyá wà lórí ìrun. Mo sọ fún Qusay níbẹ̀, lórí ìdúró.

Kò pariwo. Ó gbé ayọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo òógùn tó ń kán sílẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ̀. Ìgbà tó yá, ó gbé ayọ́ọ̀nù náà padà, ó lọ apá ọ̀tún ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó lọ apá òsì, ó ká a, ó fi sínú báàgì.

"Ọ̀la lẹ ní agbẹjọ́rò máa gbé e lọ?"

"Ọ̀la."

"Tó bá jẹ́ ọ̀la ni, wọn ò tíì ní mọ̀ ní aago márùn-ún àárọ̀." Ó fa síìpù báàgì. "Màá ṣì rí iṣẹ́ ọ̀la lọ."